Tíṣà Rhoda àti Ìkúnlẹ̀ Hàfúsátù

Nígbà tí Rhoda Adégbénró pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ro ti owó ìfẹ̀yìntì àti orúkọ ọmọ-ọmọ, ìgbà náà ni òun lọ forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì. Kì í kúkú ṣe yunifásítì tí ènìyàn ń rí ògiri rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà wà ní ìlú òyìnbó, Rhoda wà ní Ìfọ́n, lẹ́tà ló so wọ́n pọ̀. Àwọn òyìnbó á di ìwé sínú àpò ńlá, wọ́n á fi ránṣẹ́, á rìn títí, á dé pósófíìsì Òṣogbo lẹ́yìn oṣù kan, nígbà mìíràn oṣù méjì. Etí àpò náà á ti ya, bí ẹni pé àwọn tó gbé e wá ti kọ́kọ́ kà á wò láti mọ̀ bóyá ó dùn. Rhoda á kà á, á kọ ìdáhùn sórí bébà, á dá a padà. Ọdún 1993 nìyẹn. Ẹni tó bá rántí ọdún náà yóò rántí bí epo ṣe wọ́n tó àti bí ìyanṣẹ́lódì ṣe ń tẹ̀lé ìyanṣẹ́lódì. Kò sẹ́ni tó ń fọkàn tán pé ohun tí òun bá fi ránṣẹ́ yóò dé ibi tó ń lọ. Rhoda fọkàn tán an. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀: ó ń fi bébà kábọ̀n sábẹ́ gbogbo ohun tó bá ń kọ, kó lè ní ẹ̀dà kejì nílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìdáhùn rẹ̀ sọnù sójú ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà ló jókòó tó tún un kọ láìbú ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń kọ́ gan-an ló wá fa awuyewuye. Ẹ̀kọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó yàn láàyò ni èyí tó jẹ mọ́ ọ̀daràn àti ilé ẹjọ́: ìdí tí ènìyàn fi ń hùwà ibi, ìdí tí ẹlẹ́rìí fi ń búra sí ohun tí kò rí, ọ̀nà tó yẹ kí ọlọ́pàá máa gbà bi ènìyàn ní ìbéèrè. Nígbà tí ọkọ rẹ̀, Ọláyínká, tó ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì Òṣogbo, kọ́kọ́ gbọ́, ó la ẹnu, kò lè pa á dé.

"Ìyá Kọ́ládé, gbogbo ẹ̀kọ́ tó wà láyé yìí, ti ọ̀daràn lo rí mú?"

"Ṣé nítorí èèyàn rere ni wọ́n ṣe kọ́ ilé ẹjọ́ ni?"

Ọláyínká rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òun náà ló pe káfíńtà, tó ní kí ó kan tábìlì kékeré kan fún ìyàwó òun sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ti ń kọ́kọ́ wọlé. Ibẹ̀ ni Rhoda ń jókòó sí bí wọ́n bá ti pe ìrun àárọ̀ tán ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò, á máa kàwé títí omi ìwẹ̀ rẹ̀ á fi tutù. Lẹ́yìn náà, á gun ọ̀kadà lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìlobù.

Ọ̀rọ̀ náà yí padà kó tó dé ìta. Wọ́n ní Tíṣà Rhoda ń kọ́ bí a ṣe ń dá olè mọ̀ lójú. Kò pẹ́, obìnrin kan gbéra láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ó bá a dé iléèwé, ó ní ewúrẹ́ òun sọnù, kí tíṣà bá òun wo ará ilé òun mẹ́fà, kó sọ èyí tó jẹ ẹ́.

"Èmi kì í ṣe aríran o," ni Rhoda wí.

"Mo mọ̀, mà. Ẹ ṣáà wò wọ́n bí òyìnbó ṣe ní kẹ́ ẹ máa wò wọ́n."

Àṣé ó ti kó àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dání. Wọ́n tò sábẹ́ igi máńgòrò, ojú ń ti àgbà inú wọn, ojú ń ti ọmọdé inú wọn. Rhoda fún wọn lómi mu, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ní ọjọ́ kẹta, ewúrẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé, ta sì ni wọ́n yìn? Tíṣà Rhoda ni. Bí òkìkí ṣe ń kàn nìyẹn.

Ní iléèwé tí à ń wí yìí, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Hàfúsátù. Òun ni òjíṣẹ́ iléèwé. Ó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló ń ṣí ọ́fíìsì láàárọ̀, òun ló ń gbálẹ̀, òun ló ń lu aago. Nínú ọ́fíìsì náà, lórí tábìlì Ọ̀gbẹ́ni Irewọlé tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé, táípúráítà kan wà, dúdú, ó wúwo bí ọlọ. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ló rà á, Ọ̀gbẹ́ni Irewọlé sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń fi aṣọ bò ó ní ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Ajé kan ní oṣù Ọ̀wàwà, ọdún 1995, wọ́n dé ọ́fíìsì, aṣọ ni wọ́n bá, wọn ò bá táípúráítà. Ẹnikẹ́ni ò fọ́ àgádágodo. Ènìyàn mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́: ọ̀gá iléèwé, igbákejì rẹ̀, àti Hàfúsátù. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ pè.

Ojú gbogbo tíṣà ni Ọ̀gbẹ́ni Irewọlé ti pè é. Inú ń bí i. "Hàfúsátù, kí ni mo fi ṣe ọ́? Kí ló dé tó o fi ṣe irú èyí sí mi?"

Hàfúsátù dúró. Rhoda ni obìnrin tó dàgbà jù níbẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ó súnmọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Kúnlẹ̀," ó wí jẹ́jẹ́. "Kúnlẹ̀, bẹ ọ̀gá. Àgbà ń bínú, o dúró bí òpó. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀."

Ọwọ́ náà wúwo díẹ̀. Hàfúsátù lọ sílẹ̀. "Ẹ máa bínú, sà. Ẹ forí jì mí, sà. Ẹ ṣàánú mi nítorí Ọlọ́run."

Rhoda náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó ń bá a bẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn: bí iná bá ń jó lójú àgbà, kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ ná, bí inú rẹ̀ bá rọ̀, tí gbogbo yín ti jókòó, ẹ tó wá sọ bó ṣe jẹ́. Ṣùgbọ́n inú Ọ̀gbẹ́ni Irewọlé ò rọ̀. Ó wo obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó wo àwọn tíṣà, ó ní, "Gbogbo yín ẹ ti gbọ́ ọ." Ó mú fìlà rẹ̀, ó di àgọ́ ọlọ́pàá.

Sájẹ́ǹtì Jàlálù ló gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kò lu Hàfúsátù, kò bú u. Ó kàn bi í pé, "Kí ló dé tó o fi gbé e, níbo lo sì tà á sí?" Hàfúsátù tún kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣàánú òun. Sájẹ́ǹtì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé afurasí náà jẹ́wọ́, ó sì tọrọ àforíjì, ó ní kó tẹ̀ ẹ́. Hàfúsátù ò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà. Ó ki àtàǹpàkò bọ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́. Ó lo ọjọ́ méjì ní àtìmọ́lé kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àṣírù, tó gba bélì rẹ̀. Iṣẹ́ bọ́. Ìwé ẹjọ́ dé láti kóòtù Òṣogbo. Nígbà tí wọ́n bi í níbẹ̀ bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, ìkúnlẹ̀ náà ló tún lọ, akọ̀wé kóòtù sì ti ń kọ̀wé. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì á sì máa jẹ́ ọmọ olè ní Ìlobù títí wọ́n á fi dàgbà.

Rhoda ńkọ́? Kí á má purọ́ fún ara wa. Ó gbà pé Hàfúsátù ló gbé e. Ó sọ ọ́ fún Ọláyínká nídìí oúnjẹ pé, "Ó dùn mí o. Ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe òun, ṣé ó máa bẹ̀bẹ̀ báyẹn?"

Ní oṣù Èrèlé ọdún 1996, àpò ìwé tuntun dé láti ìlú òyìnbó. Orí kan wà nínú rẹ̀ tó dá lórí àwọn tó ń jẹ́wọ́ ohun tí wọn ò ṣe. Rhoda kà á nídìí fèrèsé rẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n kọ̀wé nípa ọkùnrin kan tí àárẹ̀ mú débi pé ó gbà pé òun pànìyàn, kí wọ́n ṣáà lè jẹ́ kó sùn. Rhoda mi orí; ó ní òyìnbó náà rí ayé. Ní ìparí orí ìwé náà ni iṣẹ́ àṣetiléwá wà: kí akẹ́kọ̀ọ́ mú àṣà kan nílùú tirẹ̀ tó lè mú kí aláìṣẹ̀ dà bí ẹlẹ́ṣẹ̀ lójú ẹni tó ń ṣèwádìí.

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ ọn nínú. Ó fi kábọ̀n sábẹ́ bébà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó kọ nípa ìyàwó tuntun tó ń bẹ ìyá ọkọ nítorí ọbẹ̀ tí ẹlòmíràn jẹ́ kó jóná. Ó kọ nípa ọkùnrin tó ń dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀ láìtíì mọ ohun tí òun ṣe. Ó kọ ọ́ pé láàárín àwa, ẹ̀bẹ̀ ń pa iná ìbínú ni, kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Ó kà á padà, ó wù ú. Ó ní kí òun fi àpẹẹrẹ kan tó ṣẹlẹ̀ lójú òun sí i. Ó kọ̀wé pé, "Òjíṣẹ́ kan wà ní iléèwé wa," bíírò rẹ̀ sì dúró.

Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ náà ni. Ọwọ́ tó ń kọ̀wé nípa ọgbọ́n yìí ló gbé lé èjìká obìnrin náà. Òwe tó fi bò ó mọ́lẹ̀, òwe tó já lẹ́nu rẹ̀ láìrò ó, ti dájọ́ fún un kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ẹjọ́. Ojú ti Rhoda níbi tí kò ti sí ẹnì kankan. Ó sunkún, ó nu ojú, ó wẹ̀, ó sì lọ sí ibi iṣẹ́, nítorí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ń dúró.

Ọ́fíìsì ọ̀gá ló kọ́kọ́ lọ. "Sà, èmi ni mo ní kí Hàfúsátù kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà."

"Mo mọ̀," ni Ọ̀gbẹ́ni Irewọlé wí. "Ẹ ṣe dáadáa."

"Mi ò ṣe dáadáa, sà. Kò jẹ́wọ́. Mo ní kó bẹ̀bẹ̀ ni, ó bẹ̀bẹ̀."

Ọ̀gá iléèwé bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyá Kọ́ládé, ìwé òyìnbó yìí, ẹ má jẹ́ kó gbé yín lọ jìnnà. Ẹjọ́ ti wà ní kóòtù."

Ó lọ bá Sájẹ́ǹtì Jàlálù. Òun náà ní ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òun. Bí ó bá ní ohun tí yóò sọ, kó lọ sọ ọ́ níwájú adájọ́. Rhoda bi í ní ọjọ́ tí ẹjọ́ bọ́ sí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù Òkúdù ni. Nígbà tó délé tó wo kàlẹ́ńdà, ó jókòó. Ọjọ́ náà gan-an ni ìdánwò rẹ̀ lórí ẹ̀rí ẹnu bọ́ sí, ní Ìbàdàn, ìdánwò tí wọn kì í ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ọdún mẹ́ta ló ti fi ń múra ẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni fà á. Ó ká ìwé ìdánwò náà, ó fi sínú Bíbélì rẹ̀, ó lọ gbé gaàrí sórí tábìlì fún ọkọ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Rhoda jẹ́, mo rò pé ẹ ò nílò láti wá a jìnnà.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Yàrá kóòtù náà móoru bí inú ààrò, akọ̀wé kóòtù sì gun bẹ́ǹṣì, ojú gbogbo ènìyàn ló ti ṣí fèrèsé ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Adájọ́ wọlé, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Irewọlé sọ tirẹ̀. Sájẹ́ǹtì Jàlálù sọ tirẹ̀, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n ń pe Rhoda lọ́wọ́ ni ìjì òjò dé lójijì, ó gba fèrèsé wọlé, ó kó gbogbo ìwé orí tábìlì adájọ́, ó fọ́n wọn káàkiri ilẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní kóòtù, ṣùgbọ́n nígbà tí inú bí adájọ́, Yorùbá ló jáde.

"Irú ìwà wo nìyí? Ta ló ṣí fèrèsé yìí?" Ojú rẹ̀ bọ́ sára sájẹ́ǹtì tó dúró níbẹ̀.

Sájẹ́ǹtì na ara tán, ó tún tẹrí ba. "Ẹ máa bínú, sà. Ẹ forí jì mí, sà. Kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́." Ó ń ṣa ìwé nílẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Akọ̀wé kóòtù tó ṣí fèrèsé ń wo orí bàtà rẹ̀.

Wọ́n ti fèrèsé. Rhoda búra, ó sọ bí ó ṣe gbé ọwọ́ lé Hàfúsátù léjìká. Adájọ́ tẹ́tí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò tíì wọ̀ ọ́ lára.

"Màdáámù, ẹni tí kò jalè, kí ló ń bẹ̀bẹ̀ fún?"

Rhoda ò ní ìdáhùn yìí lọ́wọ́ nígbà tó kúrò nílé. Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá fún un. "Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè bi sájẹ́ǹtì ní ìbéèrè kan?"

"Ẹlẹ́rìí kì í bèèrè ìbéèrè níbí." Adájọ́ wo fèrèsé tí wọ́n tì. "Ó yá, ẹ bi í."

"Sájẹ́ǹtì, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣí fèrèsé yẹn?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi bẹ̀bẹ̀?"

Sájẹ́ǹtì Jàlálù wo adájọ́, ó wo fèrèsé, ó wo Hàfúsátù, ó sì sọ òótọ́, kí Ọlọ́run bù kún un. "Ọ̀gá ń bínú, mà. Kí ni ǹ bá sọ?"

Kóòtù rẹ́rìn-ín, títí kan akọ̀wé. Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó wo Hàfúsátù fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni pé ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

"Olúwa mi," ni Rhoda wí, "èmi ni mo fọwọ́ tì í lulẹ̀. Bó bá jẹ́ ìkúnlẹ̀ yẹn lẹ̀rí, ọwọ́ mi yìí ni kẹ́ ẹ fi sẹ́wọ̀n."

Adájọ́ kọ̀wé, ó kọ ọ́ pẹ́. Kí òjò náà tó dá, ó ní ènìyàn mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́, wọn ò bá nǹkan kan lọ́wọ́ obìnrin yìí, òun ò sì lè fi ẹ̀bẹ̀ rán ènìyàn lẹ́wọ̀n. Ó dá a sílẹ̀.

Inú àwọn kan ní Ìlobù ò dùn tó bó ṣe yẹ. Wọ́n ní, "Tíṣà, ta ló wá gbé táípúráítà?" Rhoda ní òun ò mọ̀. Wọ́n ní kí wá ni ìwúlò ẹ̀kọ́ náà? Títí di òní, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbé e. Rhoda ṣe ìdánwò rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó yege dáadáa, nígbà tó sì di ọdún 1998, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dé nínú àpò tí etí rẹ̀ ti ya bíi ti gbogbo àwọn ará rẹ̀. Ó gbé e kọ́ sára ògiri lókè tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé níbo ló ti kọ́ iṣẹ́ náà gan-an, kì í na ìka sí ògiri. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ẹjọ́ yẹn ló máa ń sọ.

Ìrọ̀lẹ́ náà, Hàfúsátù bá a dé ilé rẹ̀ ní Ìfọ́n láti wá dúpẹ́. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, Rhoda ò jẹ́. Ó fa àga fún un. Wọ́n jókòó. Hàfúsátù ń wo ilẹ̀.

"Mà, ẹ má bínú, ó ní ohun tí mo fẹ́ sọ."

"Sọ ọ́."

"Ọ̀gá bi mí pé kí ló dé. Sájẹ́ǹtì bi mí pé níbo ni mo tà á sí. Ti kóòtù, akọ̀wé ti ń kọ̀wé kí n tó yanu. Ẹ̀yin, mà, ẹ ní kí n kúnlẹ̀. Lónìí ẹ gbà mí, Ọlọ́run á gbà yín. Ṣùgbọ́n láti oṣù Ọ̀wàwà, kò sẹ́ni tó bi mí, tó dúró gbọ́ ìdáhùn, pé ṣé èmi ni."

Òótọ́ ni. Rhoda ti kàwé nípa ìbéèrè fún ọdún mẹ́ta, ó ti pàdánù ìdánwò, ó ti búra ní kóòtù, kò sì bi í. Ẹ̀rù ìdáhùn ló ń bà á.

"Hàfúsátù," ó wí, "ṣé ìwọ lo gbé táípúráítà yẹn?"

Ó dúró de ìdáhùn.

Hàfúsátù gbé orí sókè. Ó wo tíṣà lójú tààrà, bí ọmọdé kì í ṣe wo àgbà. "Rárá, mà. Wallahi, èmi kọ́."

"Mo gbọ́," ni Rhoda wí.

Lẹ́yìn náà, Rhoda Adégbénró, ìyá ọlọ́mọ, tíṣà àgbà, dìde lórí àga rẹ̀, ó ká etí ìró rẹ̀ mọ́ra, ó sì kúnlẹ̀ níwájú òjíṣẹ́ iléèwé. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan tán tí Hàfúsátù fi ké, "Ẹ̀yin mà!" tó fò dìde, tó di apá rẹ̀ méjèèjì mú, tó ń gbé e sókè. Rhoda mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kò sì pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.